Ìjókòó Àdíját Lórí Ọ̀dà

Nígbà tí mò ń sọ yìí, Bàbá Ọládẹ̀jọ ṣì wà láyé, ó ṣì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa mọ́tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í dúró sójú ọ̀nà bó bá ń bọ̀. Anna, ìyá arúgbó aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń ta páì ọ̀dùnkún, wà láyé. Ọkọ rẹ̀ náà wà, ó máa ń fi fìlà bojú sùn nínú ọkọ̀ wọn títí ọjà á fi tú. Àdíját ọ̀rẹ́ mi, ìyá Rasaq, wà láyé, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ọdún tí omi ya bo ìlú ńlá kan ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a wà yìí ni, tí a ń wo àwọn èèyàn lórí òrùlé nínú tẹlifíṣọ̀n tí a ń sunkún. Orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi nígbà náà.

Ìjókòó kan ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ Àdíját lọ́dún náà. Bí mo bá pè é ní ìjókòó, ẹ má rò pé àga ni mò ń wí. Kó tó yé yín, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Ìbàdàn ná.

Ọjà Ìdí-Ọdán ni ọjà wa. Inú ọjà gan-an ni wọ́n bí Àdíját sí, láàárín ìlà ọlọ́ṣẹ àti ìlà oníkòkò, lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ rò pé oyún òun ṣì ku oṣù kan. Ìyá tèmi ń ta ìkòkò. Inú ìkòkò tuntun lára ọjà rẹ̀ ni wọ́n ti bu omi wẹ ọmọ náà. Títí Àdíját fi dàgbà, bí mo bá ní ìyá mi ló wẹ̀ ẹ́, á ní, “Ó wẹ̀ mí tán, ó ní kí ìyá mi sanwó ìkòkò. Má ṣe fi ìyá rẹ yangàn fún mi.”

Ọjà náà ti pẹ́. Àwọn ìyá wa sọ fún wa pé ìyàwó àwọn ológun ló kọ́kọ́ pàtẹ síbẹ̀, nígbà tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ ibùdó ogun. Bí ọkọ bá lọ sógun, ìyàwó á gbé iṣu rẹ̀ wá sábẹ́ igi ọdán, á máa tà, á sì máa bi àwọn tó ń ti ojú ogun bọ̀ bóyá wọ́n rí i. Èyí tí ọkọ rẹ̀ bá dé á kó iṣu rẹ̀ lọ sílé. Èyí tí ọkọ rẹ̀ kò dé, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Àwọn wọ̀nyẹn ló kọ́kọ́ ní ìjókòó lọ́jà wa. Nígbà tí wọ́n darúgbó, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọmọ wọn, ọmọ fi í sílẹ̀ fún ọmọ.

Kí ojúmọ́ tó mọ́ kedere, àwọn ìyàwó agbo ilé ìtòsí á ti gbá ilẹ̀ ọjà. Èéfín ẹlẹ́kọ ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará oko á máa sọ ẹrù kalẹ̀, tí orí wọn á máa yọ òógùn nínú òtútù. Ìlà ọlọ́ṣẹ máa ń run eérú àti àdí. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá, aṣọ rẹ̀ á gbé òórùn náà délé. Ní ìlà tiwa, oníbàárà á fi ìka kan ìkòkò kó tó rà á. Bó bá dún pà, ó ti sán. Bó bá dún gbooin, ó pé. Mo lè wà nínú oorun lábẹ́ àtẹ ìyá mi kí n gbọ́ pà, kí n sì mọ̀ pé ìjà ti dé. Lọ́sàn-án, bí ọjà bá rọ̀, àwọn ìyá á na ẹsẹ̀, wọ́n á máa bú ara wọn. Wọ́n á bú ìdí, wọ́n á bú ọkọ, wọ́n á bú bí àna ẹni ṣe ń jẹun. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i. Ẹni tí wọn kò bú lọ́sàn-án kan á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ṣe.

Nígbà ayé òyìnbó, èmi ti tó ọmọ tí ń ru igbá, wọ́n ní ọjà gbọ́dọ̀ kó lọ sẹ́yìn ojú irin. Wọ́n ní ibẹ̀ mọ́ ju ìdí igi lọ. Ọjọ́ tí wọ́n dá pé, àwọn obìnrin wá, wọ́n jókòó. Àwọn ọlọ́pàá onífìlà pupa wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kóńdó fọ́ ìkòkò. Ìyá mi ń pe orúkọ wọn bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ: “Ìṣaasùn nìyẹn. Orù nìyẹn. Àmù nìyẹn, ẹ rọra, ó wúwo.” Kò dìde. Ìyá Àdíját lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò dìde. Oòrùn wọ̀ bá wọn níbẹ̀. Ọjà kò kó lọ síbì kankan, ìdí ọdán náà ló wà.

Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin pé bí wọ́n bá wá lé ọjà, ẹni tó bá dìde ti ta ìjókòó rẹ̀. Òfin míì sì ti wà ṣáájú ìyẹn. Obìnrin tó wà lórí ìjókòó rẹ̀ kì í dìde kí ẹnikẹ́ni, kì í kúnlẹ̀, ìbáà jẹ́ bàbá ọkọ rẹ̀ ló dé. Àtẹ́lẹwọ́ ló máa fi kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ilẹ̀ ọjà ti bá a kúnlẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ orí ilẹ̀ ọjà nìkan ni wọ́n ti ń gba irú ìkíni bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó bá dán an wò nílé ọkọ, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́, á sì kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kó tó rí oúnjẹ jẹ.

Bí oníjókòó bá kú, wọ́n á dojú àpótí rẹ̀ bolẹ̀ síbi tó máa ń wà. Ìpolówó á dákẹ́. Gbogbo ọjà á máa wo ọ̀nà. Bí ẹnìkan láti inú ilé rẹ̀ bá dé kí oòrùn tó wọ̀, tó ṣí àpótí náà sókè, tó sì jókòó lé e, ìjókòó ò sọnù. Bí kò bá sẹ́ni tó wá, ó di ti ọjà. Ẹni tí kò sì ní ìjókòó rárá, ilé rẹ̀ nìkan ló máa sin ín. Ọjà kò ní mọ̀ pé ó kú.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń ba Àdíját lẹ́rù jù.

Ìdí ni pé ìjókòó rẹ̀ ní Ìdí-Ọdán ti bọ́. Rasaq, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló ránṣẹ́ pè é wá sí Accokeek nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí pé kó wá bá ìyàwó òun tọ́jú ọmọ tuntun. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá. Ọmọ kejì dé, wọ́n ní kó ṣe sùúrù. Bẹ́ẹ̀ ni sùúrù ṣe di ọdún. Ọjọ́ kan, ó pè mí lórí fóònù, kò kí mi.

Ó ní, “Wọ́n ti fún ẹlòmíì.”

Mo ní, “Ta ni wọ́n fún?”

“Ọmọbìnrin kan tó ń ta káàdì fóònù. Ibi tí ìyá ìyá mi jókòó sí, káàdì fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Ìyá Dàpọ̀, bí mo bá kú nísìnyí, bí ìgbà tí ewé já ni.”

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi Adédàpọ̀ ní Fort Washington ni èmi náà wà. Ilé wa rẹwà, a ń wo odò Potomac láti ojú fèrèsé òkè, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé kó bá èèyàn jà. Bí gbogbo wọn bá ti wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ ní D.C. láàárọ̀, ó di èmi àti ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Wùnmí, ọmọ Adédàpọ̀, ló rí ọjà náà. Ẹ̀bá Indian Head Highway ni, níwájú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tó ti kógbá wọlé. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbé mọ́tò sí tẹ́lẹ̀ ti ṣófo, koríko ti ń hù láàárín ọ̀dà tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ náà. Ní Sátidé, Anna a máa to páì rẹ̀ sórí tábìlì níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Accokeek a máa kó tòmátì wá lẹ́yìn ọkọ̀. Tọkọtaya ará El Salvador kan a máa sun àgbàdo. Nígbà tí Wùnmí gbé èmi àti Àdíját débẹ̀, Àdíját wò yíká, ó rìn lọ sí igun kan tí igi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní óákì wà, ó gbé àpótí tó mú wá láti Ìbàdàn kalẹ̀, ó jókòó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọ̀dà lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ní, “Kí lò ń ṣe?”

“Mò ń kí ilẹ̀ ọjà.”

“Páákì mọ́tò nìyí o, Àdíját.”

“Ìdí igi lásán ni Ìdí-Ọdán náà kí ẹnìkan tó jókòó síbẹ̀. Gbé ìdí tìrẹ kalẹ̀ jàre, o dínà atẹ́gùn.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òun ń ta tẹ̀tẹ̀ àti ata rodo tó gbìn sẹ́yìn ilé Rasaq, àti ọṣẹ dúdú tó ń sè ní gbangba nínú ọgbà, tí ìyàwó Rasaq á fi ti gbogbo fèrèsé. Èmi ń ta ìkòkò òdòdó alámọ̀. Àwọn oníbàárà kò mọ̀ pé wọ́n máa ń fi ìka kàn án wò, èmi ni mo kọ́ wọn. Anna bá Àdíját jà lọ́dún àkọ́kọ́, ó ní páì òun ń run ọṣẹ. Àdíját dá a lóhùn lédè Yorùbá, Anna dá a lóhùn lédè tirẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ ti ẹnì kejì, ìjà náà sì dùn. Lọ́sẹ̀ kejì, Anna gbé páì kan wá fún un. Àdíját gé ọṣẹ fún un. Láti ìgbà náà, wọ́n di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

Ọdún kẹta tí a ti wà níbẹ̀ ni Joshua dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan ni, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun, oòrùn ti bó ojú rẹ̀. Ó dúró lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ń rọra sọ̀rọ̀. Nígbà tó kàn wá, Wùnmí ló ṣe ògbufọ̀.

“Gránmà, ó ní àwọn tó rán òun ti ra ilẹ̀ yìí. Wọ́n máa kọ́ ilé sí i. Ó ní ká má wá mọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá wá, wọ́n máa pe ọlọ́pàá, wọ́n máa gbé e lọ sí kóòtù ní Upper Marlboro.”

Àdíját ní, “Bá mi kí i. Wí pé mo ní ṣé kò fẹ́ ra ọṣẹ, ojú rẹ̀ ń bó.”

“Gránmà Àdíját, mi ò lè sọ ìyẹn o!”

“Kí ló dé? Ojú rẹ̀ ò bó ni?”

Wùnmí kò sọ ọ́. Joshua rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa, ó lọ. Àmọ́ àwọn àgbẹ̀ ti ń pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọn dé. Anna ń ká aṣọ tábìlì rẹ̀, kò wo ọ̀dọ̀ wa.

Lọ́jọ́ kejì, Rasaq wá bá mi nílé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe fún ilé iṣẹ́ ìjọba kan, ọmọ tó ń bẹ̀rù ohun tó bá lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ni. N ò bá a wí fún ìyẹn.

“Mọ́mì Dàpọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn máa lọ. Bí ọlọ́pàá bá mú wọn ńkọ́? Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin! Àti pé ojú ń tì mí, kí n má purọ́. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ń gba ọ̀nà yẹn kọjá.”

Mo ní, “Kí lo fẹ́ kí n sọ fún un?”

“Pé kí wọ́n jókòó sílé. Kí ló wà níbẹ̀? Ọ̀dà ni.”

Ọmọ tèmi Adédàpọ̀ náà mi orí, ó ní, “Òótọ́ ni Rasaq sọ, Màámi. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni.”

Mo ní, “Ẹ̀yin méjèèjì, èwo nínú ilẹ̀ tí ìyá yín ti jókòó rí ni kì í ṣe ilẹ̀ onílẹ̀? Ilé ìyàwó yín la wà yìí.” Adédàpọ̀ dìde, ó lọ wá omi mu.

Rasaq kí mi, ó lọ. Ó ti ní ètò mìíràn nínú, mi ò mọ̀.

Sátidé pé. Nígbà tí Wùnmí gbé wa dé, ọkọ̀ pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pàtẹ. Gbogbo wọn jókòó sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń wo ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Anna wà nínú tiwọn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, páì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àdíját gbé àpótí rẹ̀ lọ sídìí óákì, ó jókòó, ó tú ọṣẹ sílẹ̀. Mo to ìkòkò mi. Kò sí oníbàárà kankan. Ìdákẹ́jẹ́ náà le débi pé mo ń gbọ́ bí èso óákì ṣe ń já sórí òrùlé mọ́tò.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mọ́tò kan gun orí pèpéle etí ọ̀nà wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ìkòkò mi. Bàbá Ọládẹ̀jọ ni. Rasaq wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun nítorí ìwakọ̀ bàbá náà.

Ẹ̀gbọ́n Tájù, ọkọ Àdíját tó ti kú, ni Bàbá Ọládẹ̀jọ. Òun ni àgbà ilé wọn tó kù láyé. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́bàá Upper Marlboro ló ń gbé. Láti ọjọ́ tí Àdíját ti wọ ilé wọn, kò sí ọjọ́ tó rí bàbá yìí tí kò fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀.

Rasaq sáré wá bá mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Mọ́mì Dàpọ̀, ẹ máa wò ó. Wọ́n ní àwọn ò ní dìde fún ọlọ́pàá. Wọ́n máa dìde fún Bàbá. Bí wọ́n bá ti dìde báyìí, màá gbé àpótí sínú búùtù, ó parí.”

Mo ní, “Rasaq, ìyá rẹ lo dẹ̀bìtì fún?”

“Mo fẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé ni, mà.”

Bàbá Ọládẹ̀jọ ti rìn dé iwájú Àdíját. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó dúró. Àdíját gbójú sókè. Mo rí i tí orúnkún rẹ̀ fẹ́ dá lọ kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó di àpótí mú lábẹ́ ìdí.

Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi.” Ó na àtẹ́lẹwọ́, ó fi kan ọ̀dà lẹ́ẹ̀mẹta.

Rasaq pariwo. “Ìyá mi! Bàbá ló dúró yìí o! Páákì mọ́tò lẹ wà, kì í ṣe ọjà!”

Èmi mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí Bàbá Ọládẹ̀jọ bá ní ibí yìí kì í ṣe ọjà, a jẹ́ pé Àdíját ti rí àgbà ilé ọkọ rẹ̀ fín lójú gbogbo ayé. Kò sí bó ṣe máa ṣe é, ó gbọ́dọ̀ dìde, kó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Ìjókòó lọ nìyẹn. Àmọ́ bí bàbá bá gba ìkíni náà, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọ̀dà ní ilẹ̀ ọjà.

Bàbá Ọládẹ̀jọ wo ọwọ́ Àdíját. Ó wo ilẹ̀. Ó fi ọ̀pá gún koríko tó hù níbi tí ọ̀dà ti là.

“Ìyàwó, ó tó ìgbà wo tí o ti wà níbí?”

“Ọdún kẹta nìyí, ọkọ mi.”

“Ẹnìkan ti bá ọ jà níbí rí?”

“Obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ jákujàku yẹn. Ó ní ọṣẹ mi ba páì òun jẹ́.”

“Ta ló parí ẹ̀ fún yín?”

“Kò sẹ́ni tó parí ẹ̀. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, èmi náà padà wá.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó yíjú sí Rasaq. “Ìwọ ọmọ yìí. O gbé mi kúrò nílé láàárọ̀ pé kí n wá bá ọ lé ìyá rẹ lọ́jà. O gbàgbé pé ìlà oníkòkò ni wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú? Ìyá mi ò dìde fún ọlọ́pàá onífìlà pupa. Àpá kóńdó ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tó kú.” Ó tún kọjú sí Àdíját. “Ìyàwó, mo gba ìkíni rẹ. Kú ọjà o. Ẹ bá mi wá nǹkan jókòó lé.”

Mo da ìkòkò òdòdó tó tóbi jù dé fún un. Mo kọ́kọ́ fi ìka kàn án, ó dún gbooin. Bàbá jókòó lé e, agbádá rẹ̀ bo gbogbo ìkòkò náà mọ́lẹ̀, ó wá dà bí ẹni tó lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Rasaq dúró sáàárín wa, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Àdíját ní, “Rasaq, o dínà oníbàárà.”

Anna ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Kò gbé tábìlì, àga tó ń ká ló gbé, ó wá fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí Àdíját, ó jókòó, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ará El Salvador àti ìyàwó rẹ̀ dé, wọ́n jókòó sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ jókòó sẹ́nu ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn. Nígbà tí Joshua dé pẹ̀lú ọlọ́pàá kan, obìnrin aláwọ̀ dúdú gàgàrà, kò sí ẹnikẹ́ni lórí ìdúró àfi Rasaq.

Joshua sọ tirẹ̀, ó ń na ìka. Ọlọ́pàá náà wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo Bàbá Ọládẹ̀jọ lórí ìkòkò. Anna bá a sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè. Wùnmí sọ fún wa lẹ́yìn náà ohun tí ọlọ́pàá náà sọ fún Joshua. Ó ní bó bá fẹ́ lọ sí kóòtù kó lọ, ṣùgbọ́n òun ò ní gbé ìyá àgbà ẹnikẹ́ni sọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Ó ra ata rodo. Àdíját fi ọ̀pọ̀ kún un fún un, ó ní, “Ó máa ta á, kó má sọ pé n ò kìlọ̀.”

Wọ́n kọ́ ilé wọn o. Wọ́n mọ ọgbà wáyà yí ilẹ̀ náà ká kí ìgbà òtútù tó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọgbà náà dé ọ̀dọ̀ igi óákì, ó yà, ó fi igi náà àti etí ọ̀nà sílẹ̀ síta, a sì ń pàtẹ síbẹ̀. Ẹnìkan ní òfin igi gígé ló dí wọn lọ́wọ́. Àdíját ní irọ́ ni, ìdí òun ni wọ́n yà fún. Joshua ṣì máa ń wá. Á ní bí ìgbà ooru bá tún dé, àwọn máa gba igun náà. Àdíját á ní kó wá ra ọṣẹ.

Òtútù ọdún náà ló mú Bàbá Ọládẹ̀jọ lọ. Òtútù náà kò tíì tán tí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú Àdíját náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ni. Nígbà tí ewé tún yọ, Wùnmí ló máa ń dì í mú láti inú mọ́tò dé ìdí óákì.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí ọjà rọ̀. “Ìyá Dàpọ̀, bí mo bá lọ, kí o dojú àpótí mi bolẹ̀ síbí.”

Mo ní, “Ta ló máa wá ṣí i? O ò bí obìnrin.”

“Mo bí èèyàn.”

“Rasaq? Kó wá jókòó ta ọṣẹ?”

Ó ń wo ọ̀nà. “Ìwọ ṣáà dojú ẹ̀ bolẹ̀. Èyí tó kù, kì í ṣe tìrẹ.”

Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún ni. Kí n tó gbàdúrà òwúrọ̀ tán, fóònù dún. Rasaq ni. Ẹkún ló ń sun, mo sì ti mọ̀ pé Àdíját ti lọ. Nígbà tó rí ohùn, ó ní àwọn máa sin wọ́n lẹ́yìn ìrun Àìlà, bí ẹ̀sìn wọn ṣe wí. Ó tún ní, “Mọ́mì Dàpọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má mú ọ̀rọ̀ ọjà yẹn wá sínú ikú ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi.”

Mo ní, “Mo ti gbọ́.” Mi ò sọ pé mo gbà.

Wùnmí gbé mi lọ sí Accokeek. Mo rí ojú ọ̀rẹ́ mi, mo bú u díẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe, mo dúró kó fèsì. Àpótí rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ọṣẹ. Mo fi ìró mi bò ó, mo gbé méjèèjì jáde. Bí ẹnìkan bá bi mí, mo ti múra láti jà. Kò sẹ́ni tó bi mí.

Ọjà ti kún nígbà tí a dé. Mo rìn lọ sídìí óákì, mo dojú àpótí bolẹ̀. Anna rí i. Kò sẹ́ni tó sọ òfin wa fún un rí, ṣùgbọ́n ó dìde, ó fi aṣọ bo páì rẹ̀, ó lọ jí ọkọ rẹ̀ pé kó ṣí fìlà. Ọkùnrin ará El Salvador pa iná àgbàdo. Oníbàárà tó bá dé, Wùnmí á lọ bá a sọ̀rọ̀, á dúró díẹ̀, á lọ. Mo jókòó ti àpótí náà, mo ń wo ọ̀nà. Oòrùn kúrò lórí òrùlé ilé tí wọ́n ń kọ́, ó bọ́ sẹ́yìn igi. Orúnkún mi ń dùn mí. Mo sọ fún Àdíját nínú ọkàn mi pé o ì bá ti bí obìnrin.

Nígbà tí òjìji óákì ti gùn dé títì ni mọ́tò Rasaq dé. Jàlàbíà funfun ló wọ̀, erùpẹ̀ sàréè wà lára bàtà rẹ̀. Ó wo tábìlì tí wọ́n fi aṣọ bò, ó wo Anna, ó wo àwọn àgbẹ̀ tó ṣí fìlà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Mọ́mì Dàpọ̀, ẹ fún mi ní àpótí ìyá mi. Mo fẹ́ gbé e lọ sílé.”

Mo ní, “Òun nìyẹn. Gbé e.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e. Ó yí i sókè. Ojú àpótí náà ń dán níbi tí ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ti jókòó, ó fi ọwọ́ pa á. Ó gbé e mọ́ àyà, ó yíjú sí mọ́tò rẹ̀. Mo pa ẹnu mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ lára mi. Èyí tó kù kì í ṣe tèmi.

Mọ́tò mìíràn yà wọlé níwájú rẹ̀. Joshua sọ̀ kalẹ̀. Ó ti gbọ́. Kì í ṣe ọmọ burúkú, ojú rẹ̀ rọ̀ lóòótọ́. Ó bá Rasaq dárò. Lẹ́yìn náà, ó wo ìdí óákì tó ṣófo, ó sọ̀rọ̀ kan. Wùnmí túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí: “Ó ní, níwọ̀n ìgbà tí màmá ti lọ, ṣé àwọn lè wá palẹ̀ igun yẹn mọ́ lọ́jọ́ Ajé?”

Rasaq kọ ẹ̀yìn sí mọ́tò rẹ̀. Ó padà. Ó gbé àpótí náà kalẹ̀ síbi tí àmì ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jìn sínú ọ̀dà, ó ká jàlàbíà rẹ̀ sókè, ó sì jókòó. Àpótí náà kéré fún un, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó nawọ́ sínú garawa, ó to ọṣẹ ìyá rẹ̀ síwájú, ó tò ó wọ́.

Joshua kò mọ ohun tó ń wò. Ó súnmọ́ ọn, ó na ọwọ́ sí i láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, bí ọkùnrin ilẹ̀ yìí ṣe máa ń ṣe, tí èèyàn á fi dìde gbà á.

Rasaq kò dìde. Ó gbójú sókè sí i, ó ní ó káàbọ̀. Ó na àtẹ́lẹwọ́, ó fi kan ilẹ̀ ọjà lẹ́ẹ̀mẹta.

Anna ṣí aṣọ kúrò lórí páì rẹ̀.